Kẹ́ ẹ tó ra kámẹ́rà: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin àbúrò tó ń bẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ fíìmù l'Ábújá

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìwọlé o. Kámẹ́rà wo ni kẹ́ ẹ rà? Ẹ má tíì ra ìkankan. Ẹ lo ti ilé-ìwé, tàbí fóònù ọwọ́ yín. Owó tó bá wà, ẹ fi ra máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ, hẹ́dífóònù tó bo etí dáadáa, àti háàdì méjì tẹ́ ẹ máa fi kó fáìlì pamọ́. Òǹwòran máa ń fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, á dìde ni.

Ohùn ló ń ba iṣẹ́ ọdún kìíní jẹ́ jù. Kẹ́ ẹ tó gba ilé kan fún iṣẹ́, ẹ lọ dúró síbẹ̀ ní aago tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ dijú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbọ́ sílẹ̀. Yàrá tó pa rọ́rọ́ láàárọ̀ ní Kubwa lè dà bí ọjà lálẹ́, tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ilé mẹ́fà jọ ń pariwo. Ìpè ìrun ní aago tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́ yín. Lọ́sàn-án Jímọ̀, ìran tí kò ní ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ yà.

Ẹ pa fáànù, ẹ pa fíríìjì. Ẹni tó ni ilé á bínú bí ẹ bá gbàgbé tan fíríìjì padà tí ẹran rẹ̀ bàjẹ́, nítorí náà ẹ ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á. Kò sẹ́ni tó máa lọ sílé láìṣí i.

Máìkì aṣọ, àyà ni ibùjókòó rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ẹnu. Aṣọ wa gan-an ló sì máa ń bá a jà. Gínì tí wọ́n fi sítáàṣì sí tí wọ́n lù máa ń ha máìkì. Agbádá tí bàbá ìyàwó ń ká sí èjìká ṣáá burú ju ìyẹn lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn náà ń kọ lù ú. Ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ bùbá, kẹ́ ẹ ká wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kó má baà fa máìkì bí òṣèré bá yí ọrùn. Nínú ètò ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń gba ohùn, 48 kHz ni kẹ́ ẹ yàn. Lórí òṣùwọ̀n ohùn ẹ̀rọ náà, tí 0 jẹ́ òkè pátápátá, kí ọ̀rọ̀ tó ròkè jù máa kan −12 dB, torí pé òṣèré tó rọra ń sọ̀rọ̀ nígbà ìdánrawò á kígbe nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí. Ohùn tó bá ti lu 0 ti fọ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó túká, kí gbogbo èèyàn dúró láìmira fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà. Òun lẹ máa fi dí àlàfo àárín ọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé fíìmù; láìsí i, etí á mọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti gé.

Ti àwòrán ò le tó bẹ́ẹ̀. Fíréèmù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń lajú pẹ́ tó fún fíréèmù kan) 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Iná wa 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹ bá fi sí 1/60, àwọn gílóòbù kan á máa ṣẹ́jú. Oòrùn ọ̀sán l'Ábújá máa ń wà ní àtàrí, ihò ojú òṣèré á dúdú, nítorí náà ẹ yà láàárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin. Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní gbangba. Inú mọ́tò ni, kẹ́ ẹ pa kámẹ́rà kẹ́ ẹ sì dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bí ẹ bá lọ yà ní Jos, ẹ fi bátìrì sí àpò ṣòkòtò, òtútù ń jẹ ẹ́.

Ẹ mú lẹ́tà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yín dání, tó ní orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà kámẹ́rà, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ iwájú ilé ìjọba ò mọ̀ pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Ẹ gbàgbé dírónù.

Fáìlì ńkọ́? Bí kámẹ́rà bá ń kọ 100 Mbps (mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí kan máa gba nǹkan bíi 45 GB, káàdì 64 GB ò sì ní kọjá wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ máa ṣe copy, ẹ má ṣe cut: bí iná bá lọ lágbede méjì, èyí tẹ́ ẹ ń gbé lè má sí lórí káàdì mọ́, kó má sì tíì dé háàdì. Ẹ dà á sórí háàdì méjèèjì, ẹ ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, kí háàdì kan tẹ̀ lé ẹlòmíì lọ sílé. Lẹ́yìn náà lẹ lè nu káàdì.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sísàlẹ̀ àwòrán, ìlà méjì tó, kí ìlà kan má ju lẹ́tà 42 lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi “ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀” dán fọ́ǹtì wò. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ò lè gbé àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, wọ́n á gbé àpótí kékeré síbẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé àmì sórí lẹ́tà kejì, opó inú eré yín á wá máa sunkún ọkọ́.