Ewédú ní Ilocos

Mo ti jẹ ewédú kọjá òǹkà láyé mi, àmọ́ èyí tí mo jẹ lánàá ní ìlú Vigan, ní agbègbè Ilocos lórílẹ̀-èdè Philippines, kò jọ ìkankan nínú wọn.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló se é. Dinengdeng ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà. Bí mo ṣe rí ewé tí wọ́n ń já, mo pariwo: “Mà, ewédú rèé!” Saluyot ni wọ́n ń pè é níbí.

Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n bu bagoong sí i. Ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ títí tó fi kan ni. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná, irú ló sì sọ sí mi lọ́kàn. Ìgbá, ilá, ọ̀mùnú oparun àti èso ejìnrìn tẹ̀ lé e. Ejìnrìn tí àwa ń fi ṣe àgbo nílé o! Ewédú ló wọlé kẹ́yìn, lódidi, láìsí ìjábẹ̀. Kò sí epo, kò sí ata. Ẹja yíyan ni wọ́n gbé lé e lórí, a sì fi ìrẹsì funfun jẹ ẹ́.

Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu, ejìnrìn wá korò díẹ̀. Àfi bí ewédú ṣe fà yọ̀ọ̀ lọ́nà ọ̀fun mi! Omi lé sí mi lójú. Ọdún kejì rèé tí mo ti kúrò nílé.

Mo bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ní Sátidé, èmi ni n óò se tiwa fún Màmá.