Àwọ̀ òrùlé Camaro 1967

Ẹ má tíì ra aṣọ òrùlé o! Ọkọ̀ Chevrolet Camaro 1967 tí òrùlé aṣọ rẹ̀ ṣeé ká, tó wà níwájú wa yìí, ti di pupa-yẹ́lò, ẹni tó ni ín sì ń búra pé bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni, oòrùn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà tó dúró fún ọ̀dà ara ọkọ̀ lórí irin náà, nọ́ńbà 1 ni òrùlé funfun, 2 dúdú, 4 búlúù. Bí irin náà kò bá sí mọ́, ẹ tú àwọn pín-ín-nì tó di etí òrùlé mú, kí ẹ wo ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ sínú, torí oòrùn kì í débẹ̀. A tú tiwa, funfun báláú ló yọjú!

Ojú oòrùn ọ̀sán ni kí ẹ ti fi àwọ̀ aṣọ tuntun wéra pẹ̀lú ti ibi tó ṣẹ́ sínú yẹn. Iná ṣọ́ọ̀bù ń tanni jẹ. Kánfáàsì lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ vinyl, ìyẹn aṣọ oníke, ni Chevrolet lò.