Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bèèrè èrò ará ìlú nípa ẹja àtọ̀húnrìnwá

Oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ti wà lọ́kàn mi láti kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò mi, ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè méjì tí ẹ fẹ́ gbé lọ bá ará ìlú, tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kí n bá yín yẹ̀ wò, ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́. Bí mo ṣe kà wọ́n tán ni àyà mi já. Àṣìṣe tèmi gan-an ló wà níbẹ̀.

Èkíní: kí ẹ tó pe ẹja kan ní ọ̀tá, ẹ mọ ẹni tó mú un wá àti ẹni tó ń jẹun lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n da Nile perch, ẹja ńlá kan tó ń jẹ ẹja mìíràn, sínú Adágún Victoria ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1950, ó jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹja kéékèèké ibẹ̀ run. Síbẹ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ apẹja ń pa tà, tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Ojú wo ni irú apẹja bẹ́ẹ̀ máa fi wò yín tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ pa á run?

Èkejì: ẹ má bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹja lọ láì bèèrè ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí ó gbà lọ. Ibí yìí ni mo ti ṣubú.

Wọ́n rán mi sí àwọn tó ń gbé yí adágún kan ká. Mo kọ ìbéèrè méjì: ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n mú ẹja yìí kúrò? Ọ̀nà wo lẹ fara mọ́? Ọ̀gá mi fa ìlà pa èkejì. Ó ní yóò dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Mo dákẹ́. Àwọn tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ fíìfíì, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìròyìn mi pé ará ìlú ti fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Òṣìṣẹ́ kan dìde, ó ní rotenone, oògùn tó ń pa ẹja, ni wọn yóò dà sínú adágún. Inú gbòǹgbò àwọn irúgbìn kan ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Kì í jẹ́ kí ara ẹja lè lo ọ́síjìn, kì í sì í ya àlejò sọ́tọ̀ lára onílé. Ìyá kan nàka sí mi: "Ọmọ yìí ló wá sílé mi. Kò dárúkọ oògùn kankan fún mi!" Ìpàdé fọ́, iṣẹ́ náà sì dúró. Orí mi ni ọ̀gá mi di gbogbo ẹ̀bi lé nínú ìwé tó kọ. Mi ò tíì gbàgbé, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo bu ọwọ́ lu ìròyìn yẹn.

Mo padà lọ bá ìyá náà. Ó ní bó bá jẹ́ àwọ̀n ni, òun ìbá tẹ̀ lé wọn lọ sódò. Inú omi yẹn làwọn ọmọ òun ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Ká ní mo ti ka ìtàn Lake Davis ní Kalifọ́níà ṣáájú ni. Ní 1997, ìjọba da rotenone síbẹ̀ láti pa ẹja pike, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Portola, tí wọ́n ń mu omi adágún náà, kọ̀ jálẹ̀. Ní 1999, wọ́n tún rí pike níbẹ̀. Kí wọ́n tó tún da rotenone náà sí i ní 2007, wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ jókòó ti àwọn aráàlú, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà, wọn ò fi oògùn pa mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ará ìlú ò lóye sáyẹ́ǹsì, ẹ ronú sí ìyẹn dáadáa! Ta ló ṣàlàyé fún wọn? Ta ló gbọ́ tiwọn?

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ìṣirò, ẹ ó rí ìyẹn nínú ìwé ẹ̀kọ́. Mo ti kọ "Báwo?" sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kẹrin nínú ìwé ìbéèrè yín méjèèjì, níbi tí ẹ ti bèèrè bóyá kí ẹja lọ. Ẹ tún un kọ kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀gá kan bá sì ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an.