Ewé Fúrúùtù Nínú Kíláàsì Jẹ́lé-ó-sinmi

Ní òwúrọ̀ òní, mo kó àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí mò ń kọ́ ní Yábàá lọ sí abẹ́ igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà wa, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣa ewé tó ti já bọ́. Ìgbà ìwọ́wé ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá, ni ìwé wọn ń ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ewé fúrúùtù tiwa náà máa ń pọ́n kó tó já bọ́ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa fi àwòrán nìkan kọ́ ọmọ ọdún 4.

Wọ́n kọ́kọ́ to ewé náà láti orí kékeré dé ńlá. Lẹ́yìn náà, a da ẹ̀yìn ewé sókè, a fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, a sì ń fi ẹ̀gbẹ́ kíréyọ̀nù kun bébà náà jẹ́jẹ́ títí iṣan ewé fi yọ síta. Ọmọbìnrin kan fi ìka tọ iṣan náà, ó ní, “Àǹtí, ẹ wò ó, ó dà bí ọwọ́ ìyá àgbà mi!” Inú mi dùn púpọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ibẹ̀ ni omi ń gbà dé gbogbo ara ewé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ewé gbígbẹ rán wọn wá lọ́la.