Mo pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ọkọ̀ mi fúnra mi ní Houston

Ọ́ìlì tó ti gbó ló ń pa ọ̀pọ̀ gíà ọ̀tọ̀mátíìkì tó ń kú mọ́ àwa ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ ní Houston yìí. A kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kọjá àsìkò ká tó pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti gíà, a kì í bìkítà fún un, àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra kó tó gbéra tí a bá fi sí D, tàbí tó ń gbọ̀n jìgì bó ṣe ń kúrò ní gíà kejì bọ́ sí ìkẹta. Ìgbà yẹn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn á sì ní gíà mìíràn ló kù. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ooru ìlú yìí náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe Uber lójú ọ̀nà I-69 nínú oṣù kẹjọ, nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gíà rẹ̀ ń gbóná ju ti ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dá gaara lọ. Ọ́ìlì tó bá sì ń gbóná lójoojúmọ́ kì í pẹ́ gbó.

Honda Accord 2008 ni mo ń wà, onísílíńdà mẹ́rin, gíà rẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún. Àwọn ará Èkó ń pè é ní "Evil Spirit". Orúkọ yẹn kì í dùn mọ́ mi, torí ọkọ̀ rere ni. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló máa ń ṣírò bí a ṣe ń wà á, tí yóò sì gbé àmì jáde lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí iṣẹ́ bá tó. Lẹ́tà A tàbí B wà fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, nọ́ńbà 1 wà fún yíyí táyà, nọ́ńbà 3 sì ni ọ́ìlì gíà. Nígbà tí B13 yọ sí mi lójú, ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé ní kí n mú owó tó lé ní 200 dọ́là wá, kí àwọn fi ẹ̀rọ fọ gíà náà nù látòkè délẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gba ilé lọ, mo sì pe ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà ní àdúgbò Alief, tó ti ṣe mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ kó tó wá sí Amẹ́ríkà.

"Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ nǹkan kan o. Da ti àtijọ́ sílẹ̀, bu tuntun sí i, wà á kiri, kí o tún dà á."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi náà á lè ṣe é?"

"Kí ló wà níbẹ̀? Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni. Gbé e wá sílé mi ní Sátidé."

Ilé ẹ̀gbọ́n la ti ṣe é nítorí àpátímẹ́ńtì ni mo ń gbé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbà kí èèyàn tún ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà. Ẹ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí dáadáa kí ẹ tó gbé jáàkì jáde.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa gíà Honda, torí òun ló mú kí iṣẹ́ yìí rọrùn. Láti ìgbà tí Honda ti gbé gíà ọ̀tọ̀mátíìkì tí wọ́n pè ní Hondamatic jáde ní 1968, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi to gíà wọn lọ́nà tiwọn. Nínú gíà ọ̀tọ̀mátíìkì àwọn yòókù, àwọn eyín kéékèèké ló ń yí eyín àárín kan ká. Ti Honda, orí irin tó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n to eyín sí, gẹ́gẹ́ bíi ti gíà ọlọ́wọ́, kílọ́ọ̀ṣì kéékèèké ló sì ń mú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Agbára ọ́ìlì ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì yẹn tó fi ń di gíà mú. Ọ́ìlì yìí kan náà ló ń mú ara gíà tutù, òun ló ń gbé eruku tó ń bọ́ lára kílọ́ọ̀ṣì kiri. Tó bá ti gbó, kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ mọ́. Gíà tèmi yìí kò sì ní páànù tí èèyàn ní láti tú lábẹ́ pẹ̀lú bóòtù rẹpẹtẹ. Ihò kan ló wà nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ló dí i.

Ihò inú nọ́ọ̀tì náà jẹ́ onígun mẹ́rin. Orí ráṣẹ́ẹ̀tì 3/8 fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ ṣánṣán, kò gba sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Ohun tí a tún nílò ni jáàkì àti sítáàǹdì rẹ̀, báfù, àrọ ọlọ́rùn gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, wáṣà tuntun oní-18 mìlímítà, àti ọ́ìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi òkúta tàbí igi di táyà ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí sítáàǹdì gbé e, ẹ tì í kí ẹ rí i pé kò mì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

Ọ́ìlì tó yẹ ni Honda ATF DW-1 (ATF ni wọ́n ń pe ọ́ìlì gíà ọ̀tọ̀mátíìkì). Z1 ni wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ mi, DW-1 ló sì gbapò rẹ̀, ó ṣeé bù lé e. Mo mọ̀ pé àwọn ìgò olówó pọ́ọ́kú wà lórí káńtà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé wọ́n dára fún gbogbo ọkọ̀. Èmi ò ní fi gíà mi dán an wò.

A wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná débi tí yóò fi jó ni lọ́wọ́. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe tú nọ́ọ̀tì náà tán, ọ́ìlì dúdú bíi ti kọfí tú jáde, ó sì sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì wà lórí nọ́ọ̀tì yẹn, ohun tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ṣe é fara balẹ̀ wò nìyẹn. Nǹkan aláwọ̀ eérú lẹ̀ mọ́ ọn, ó ki, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi ìka méjì ra á wò. Ó kúnná bíi tìróò, kò sí ohun tó ń gún ni nínú rẹ̀.

"Èyí dáa," ó ní. "Irin tó jẹ ara wọn díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ èyí tó ń gún ọ lọ́wọ́, eyín ti ń ṣẹ́ nínú ẹ̀."

A nù ún mọ́ tónítóní, a fi wáṣà tuntun sí i, a dá a padà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fún un ni 49 newton-meter, ẹni tó bá ní ráṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọn agbára kó lò ó, torí alumíníọ̀mù ni ara gíà, ọwọ́ líle ń ba ihò rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, a wọn ohun tó jáde nínú jálá wàrà òfìfo, a sì bu iye kan náà padà láti ojú ihò gééjì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì, pẹ̀lú àrọ. Ó pupa fòò. Nígbà tí mo kán ti tuntun àti ti àtijọ́ sórí pépà funfun, èèyàn ò ní gbà pé nǹkan kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

Wíwọn rẹ̀ ló gba sùúrù. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbé gíà láti P dé ìsàlẹ̀ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìkọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà sí P. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná títí fáànù rádíétọ̀ yóò fi yí, ẹ wá pa á. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 60 sí 90 lẹ́yìn pípa ni kí ẹ fa gééjì yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tún tì í bọlẹ̀ kí ẹ wò ó. Àárín àmì méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà. Tó bá pọ̀ jù, yóò hó bí ọṣẹ. Tó bá kéré jù, agbára tó ń mú kílọ́ọ̀ṣì á dín kù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ìdà kan, ìyẹn dídà á lẹ́ẹ̀kan, ò tó. Gbogbo ọ́ìlì inú gíà náà tó lítà 6.5, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 2.5 ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, torí ìyókù há sínú torque converter (ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnì dé inú gíà) àti àwọn ibi kọ́lọ́fín. Nítorí náà, ìdà àkọ́kọ́ ń fún wa ní nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 ọ́ìlì tuntun. Tí a bá wa ọkọ̀ kí ó pò pọ̀, tí a tún dà á, ó di 62. Ìdà kẹta gbé e dé 77. Ìgò mẹ́jọ ló ń lọ sí i lápapọ̀, owó rẹ̀ kò sì dé ibi tí ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. Bíbọ́ sí gíà kẹta ti wá ń lọ geere, inú mi sì ń dùn sí i ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá gun ojú ọ̀nà.

Ọ́ìlì àtijọ́, AutoZone ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ ò bá ti da epo bẹntiróòlù tàbí omi rádíétọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má dà á sí gọ́tà.

Ẹni tí gíà rẹ̀ ti ń yọ̀, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì ń rùn bí ohun tó jóná, iṣẹ́ yìí ò lè gbà á là. Kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán kì í padà. Ẹni tó ní Accord onísílíńdà mẹ́rin ti 2013 sókè tí gíà rẹ̀ jẹ́ CVT (èyí tó ń fi bẹ́líìtì ṣiṣẹ́ dípò eyín), ọ́ìlì HCF-2 ni kí ẹ rà, DW-1 á bà á jẹ́. Àwọn Toyota Camry onígíà mẹ́fà kò ní gééjì rárá, ọ́ìlì WS ni wọ́n ń lò, ìgbóná ọ́ìlì ni wọ́n sì fi ń wọn ún, ìyẹn gba irinṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbí kó tó kúrò, kí ẹ sì kọ orúkọ ọ́ìlì náà pẹ̀lú iye máìlì sórí pépà sínú àpótí iwájú, torí lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ti pupa nínú ìgò ni ọ̀pọ̀ ń tà ní ATF. Tó bá jẹ́ inú kọ̀ǹténà ló ń bá lọ, ẹ fi ìgò mẹ́ta sí búùtù fún ìdà kan lọ́hùn-ún.