Ìwé Owó Ni Wọ́n Ń Yẹ̀ Wò, Kì Í Ṣe Ọjà

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ ń tọ́jú ìwé owó fún agbaṣẹ́ṣe ológun Amẹ́ríkà, bí ọjà yín dára tó, owó rẹ̀ lè má pé bí ìwé kò bá tọ́. Òfin DFARS 252.242-7005, ọ̀kan nínú òfin tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi ń ra ọjà àti iṣẹ́, tó fìdí múlẹ̀ ní 2012, ka ètò 6: ìṣirò owó, ìdíyelé iṣẹ́, ọjà rírà, àbójútó èèlò, dúkìá ìjọba tó wà lọ́wọ́ yín, àti fífi owó tí a ná wé ibi tí iṣẹ́ dé. Bí àléébù ńlá bá wà nínú ọ̀kan, ìjọba Amẹ́ríkà á dá 5% dúró nínú owó tó ń san bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bó wà nínú púpọ̀, kò ní ju 10% lọ. Ọjọ́ 30 lẹ ní láti fèsì lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sọ àléébù náà. Lẹ́yìn ìpinnu ìkẹyìn, ẹ ní ọjọ́ 45 láti tún un ṣe tàbí kọ ètò àtúnṣe. Bí wọ́n bá gba ètò náà tí ẹ sì ń tẹ̀ lé e, 5% lè di 2%.

Ìṣirò owó ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ wo wẹ́dà kan ní Ṣágámù tó ń ṣe géètì fún ṣọ́ọ̀ṣì, tó tún ń ṣe táǹkì fún ilé-ìwé ìjọba. Irin géètì, orí iṣẹ́ géètì nìkan ló wà. Epo jẹnẹrétọ̀ ń sin iṣẹ́ méjèèjì, nítorí náà a ó pín in, ọ̀nà kan náà la ó sì máa gbà pín in lóṣooṣù. Bí ó bá kó gbogbo epo sórí iṣẹ́ ìjọba torí pé ibẹ̀ ni owó wà, ó ti rú òfin.

Wákàtí ńkọ́? Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kó kọ ọ́, lójoojúmọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́. Bó bá ṣì í kọ, kó fa ìlà kan sí i, kó kọ èyí tó tọ́, kó fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi nǹkan funfun pa á rẹ́. Òṣìṣẹ́ DCAA, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó àwọn agbaṣẹ́ṣe ológun Amẹ́ríkà wò, lè wọlé láìròtẹ́lẹ̀, kó bi ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, kó sì fi ìdáhùn náà wé ìwé. 8, 8, 8, 8, 8, yíǹkì kan náà, tí wọ́n kọ lọ́sàn-án Fúráìdé: ojú kan báyìí ló máa fi mọ̀ ọ́n.

Ọtí, fàájì àti owó ìtanràn kò gbọ́dọ̀ sí nínú owó tí ẹ ní kí ìjọba san. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fi owó ilé-iṣẹ́ ra aṣọ régbérégbé fún Ojúde Ọba, owó rẹ̀ ni, kó rà á; ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó náà jáde gan-an ni kó ti ní ojú ìwé tirẹ̀. Ẹ má dúró di Dìsẹ́ńbà. Ó kéré tán, lóṣooṣù ni kí ìnáwó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa wọ ìwé, torí ẹni tó ń yọ ọtí kúrò nínú ọgọ́rùn-ún rìsíìtì lópin ọdún yóò gbàgbé kan dandan.