Ẹṣin kò mutí, ẹni tó gùn ún ló mu ún

Bí a ṣe ń bọ̀ láti ibi ìnáwó kan ní Kútọ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé, mo rí ọkùnrin kan tó gun ẹṣin wọ àárín ọ̀kadà àti tákísí ní Pánṣẹ́kẹ́, tí ọtí ti pa á débi pé ìjánu ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákò ẹṣin náà. Àyà mi já. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì kan sáré fa ọmọ rẹ̀ kúrò lójú títì, ó sì ń ké pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀!”

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òfin ọtí kò kan ẹlẹ́ṣin. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Láti ọdún 1872 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tó mutí yó máa gun ẹṣin tàbí kó máa da màlúù lójú pópó. Nígbà náà, ìtanràn rẹ̀ lè tó 40 ṣílè, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ní Jámánì, ẹni tó mutí yó tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá lè dé ilé ẹjọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹlẹ́ṣin sí òde, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fún un lọ́tí kí ó tó so ẹṣin rẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé.